Orí Karùn-ún: Aṣọ Ẹbí Àná, Àpò Ọjà Òní

Ẹ ṣí àpótí aṣọ ìyá tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo, kí ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Aṣọ ìsìnkú bàbá aládùúgbò, aṣọ ìgbéyàwó ọmọ ọ̀rẹ́, aṣọ ìwúyè olóyè kan tí wọn ò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n wọ púpọ̀ nínú wọn. Wọn ò lè wọ̀ ọ́ lọ sí òde mìíràn nítorí gbogbo ayé ti mọ aṣọ náà, wọn ò sì fẹ́ jù ú nù nítorí owó gidi ni wọ́n fi rà á. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tó bá fẹ́ máa fi ògbólógbòó aṣọ rán àpò ọjà tà ti gbọ́ ibi tó yẹ kó kọ́kọ́ yà sí nínú òwe yẹn.

Kí n ti sọ èrò mi ṣáájú. Ohun méjì ló ń pa òwò yìí. Ọ̀kan ni gbígba gbogbo aṣọ tí wọ́n bá gbé fún wa, èkejì ni ọwọ́ àpò tó já lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá lè kọ aṣọ tí kò dára láìtijú, tó sì lè rán ọwọ́ àpò tí kò ní já, ìyókù iṣẹ́ náà kò ní le fún un láti kọ́. Nítorí náà, lórí ohun méjèèjì yìí ni a ó ti pẹ́ jù.

Ibi tí aṣọ ti ń wá

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé yín, lẹ́yìn náà ilé ẹbí, ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ ìbí, ẹgbẹ́ ìyá nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹgbẹ́ àsàlátù. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn nílẹ̀ wa kì í fi aṣọ àwọ̀sára tọrẹ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ẹnìkan lè mú aṣọ tí òógùn ara wọn wà nínú rẹ̀ lọ ṣe nǹkan. Ẹ má rẹ́rìn-ín sí i, ẹ má sì bá wọn jiyàn. Ẹ ní kí wọ́n fọ aṣọ náà fúnra wọn. Bí ẹ bá lọ gbà á, ẹ mú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́, ẹ gé ibi ọrùn àti ibi abíyá kúrò lára bùbá náà lójú wọn, kí ẹ sì dá ègé yẹn padà fún wọn. Kò sí ohun tí ẹ pàdánù, nítorí ibi tí aṣọ ti máa ń gbó jù nìyẹn, kò sì wúlò fún àpò. Ìyá tó bá ti rí i pé ọrùn àti abíyá aṣọ òun wà lọ́wọ́ òun ni yóò pe aládùúgbò rẹ̀ pé kó gbé tirẹ̀ wá.

Mo fara mọ́ pàṣípààrọ̀ ju títọrọ lọ. Bí ènìyàn bá kó ìró mẹ́ta wá, ẹ fún un ní àpò kan tó ti parí. Kò ní máa rò pé ẹ ń fi ohun ìní òun jẹun lọ́fẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àpò tó gbé lọ sọ́jà yóò máa ṣe ìpolówó fún yín. Àwọn ènìyàn á bi í pé níbo ló ti rà á, á sì dáhùn pé aṣọ ìsìnkú ìyá lágbájá ni, ẹ̀rín á sọ, orúkọ yín á sì ti jáde.

Aṣọ ẹni tó ti kú nílò ìṣọ́ra. Bí wọn ò bá tí ì pín ogún, ẹ má fọwọ́ kàn án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkọ́bí fúnra rẹ̀ ló kó o wá. Ìjà orí aṣọ òkú le ju ìjà orí ilẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Nígbà tí wọ́n bá ti pín in tán, ẹnìkan lè mú ìpín tirẹ̀ wá pé kí ẹ fi rán àpò fún òun àti àwọn ọmọ òun. Iṣẹ́ tó dára nìyẹn, a ó sì padà sórí rẹ̀ níwájú.

Ọ̀dọ̀ àwọn tẹ́lọ̀ àdúgbò ni ẹ ti máa rí ègé aṣọ tuntun tó ṣẹ́kù. Kékeré ni wọ́n, wọn kò tó ara àpò, ṣùgbọ́n wọ́n dára fún àpò inú àti ọwọ́. Ẹ fi àpò ìrẹsì kan sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́lọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí wọ́n máa kó ègé sí i, kí ẹ máa yà gbé e ní ọjọ́ kan pàtó lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá ti kùnà ọjọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á máa fi ègé yẹn nu máṣíìnì.

Ti òkìríkà ńkọ́? Ọjà Katangua ní Èkó àti àwọn ọjà bẹ̀ǹdáàn káàkiri kún fún jíìnsì, jíìnsì sì wúlò fún wa gan-an. Ẹ lè ra ìwọ̀nba níbẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á ní ẹyọ. Ṣùgbọ́n n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó gbé òwò yìí ka orí bélì òkìríkà. Aṣọ àlòkù wà lára ohun tí òfin àwọn aṣọ́bodè Nàìjíríà kà léèwọ̀ láti kó wọlé. Ọjọ́ tí wọ́n bá le mọ́ ẹni tó ń ta bélì, iṣẹ́ yín á dúró. Aṣọ ẹbí tó wà nílé kò kọjá bodè kankan.

Àwọn aṣọ kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbà rárá, tàbí tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Aṣọ sójà àti ti ọlọ́pàá ni àkọ́kọ́. Ẹni tó bá gbé àpò aṣọ sójà kọ́ èjìká lè rí ìjàngbọ̀n ní ẹnu géètì tàbí ní ojú pópó, ẹ̀yin ni yóò sì dárúkọ. Aṣọ iléèwé tó ní báàjì náà, ẹ yọ báàjì rẹ̀ kí ẹ tó lò ó. Aṣọ tí wọ́n tẹ àwòrán olóògbé tàbí ti òṣèlú sí, ẹ má lo ojú àwòrán náà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹbí. Ta ni yóò fẹ́ rí ojú ìyá rẹ̀ lára àpò tí wọ́n fi ru panla?

Aṣọ wo ló dára?

Ọba wọn ni ìró ankará tí òwú gidi wà nínú rẹ̀. Ìró dára ju bùbá lọ nítorí pé ó tẹ́jú, kò ní ọwọ́, kò ní ọrùn, àlùmọ́gàjí kò tíì gé e síbí gé e sọ́hùn-ún. Bí kò bá dá yín lójú bóyá òwú gidi ni, ẹ fa okùn kan yọ ní etí rẹ̀ kí ẹ fi iná sí i. Òwú a máa jó bí ìwé, eérú rẹ̀ a sì fọ́ lọ́wọ́. Pọliẹ́sítà a máa yọ́, a sì di kókó dúdú líle. Kì í ṣe pé pọliẹ́sítà kò lè di àpò. Ó kàn lè yọ́ lábẹ́ áyọ́ọ̀nù, a máa yọ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, kò sì rọrùn láti ká etí rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé ìró náà sókè sí oòrùn. Ibi tí wọ́n máa ń fi jókòó ti fẹ́lẹ́, oòrùn á sì máa yọ láti ẹ̀yìn rẹ̀ ju ti ibòmíràn lọ. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí ibẹ̀ ká, ẹ má gé ara àpò níbẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì fa aṣọ náà síta pẹ̀lú agbára. Bí ẹ bá gbọ́ tó dún pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀, òwú rẹ̀ ti kú nìyẹn, bó ti wù kí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó. Ẹ fi nu tábìlì.

Gínnì àti dámásìkì dára fún aṣọ inú, nítorí wọ́n le díẹ̀, wọ́n sì ń mú kí àpò dá dúró. Agbádá àtijọ́ ní aṣọ púpọ̀ nínú, ojú iṣẹ́ ọnà àyà rẹ̀ sì dára láti gé odindi kí ẹ fi ṣe àpò ìta kékeré. Àdìrẹ rẹwà, ó sì ń tà, pàápàá fún àwọn àlejò tó ń wá sí Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé aró rẹ̀ kò tún jáde mọ́ kí ẹ tó rán an. Aṣọ òkè wúwo, ó sì níyì, àmọ́ ní ègé tóóró-tóóró ni wọ́n ń hun ún, wọ́n á wá rán ègé kan mọ́ èkejì. Bí ojú ìrán yẹn bá ti gbó, ibẹ̀ ni àpò yóò ti là. Bí ẹ bá gé e, etí rẹ̀ á máa tú. Ẹ kọ́kọ́ rán etí rẹ̀ yí ká kí ẹ tó ṣe ohun mìíràn, ẹ sì fi sílẹ̀ fún àpò ẹ̀bùn. Kì í ṣe àpò iṣu.

Léèsì kò bọ́ sí i. Ihò pọ̀ lára rẹ̀, ìgbín á yọ ìwo jáde níbẹ̀. Ṣífọ́ọ̀nù àti sátíìnì náà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn kan fẹ́ràn láti gé ọrùn àti ọwọ́ t-shirt kí wọ́n di ìdí rẹ̀ ní kókó, kí wọ́n ní àpò ti parí láìrán. Ó dára fún àlùbọ́sà ilé. Ṣùgbọ́n aṣọ yẹn ń fà, bí ẹrù bá ti wọnú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gùn títí ìdí àpò á fi kan orúnkún, n kò sì rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni gba owó lórí rẹ̀.

Fífọ̀

Aṣọ inú àpótí máa ń rùn kánfọ̀. Ẹni tó fẹ́ kó búrẹ́dì àti gàárì sínú àpò kò fẹ́ òórùn yẹn. Ẹ sá aṣọ náà síta níbi tí afẹ́fẹ́ wà fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó fọ̀ ọ́, nítorí kánfọ̀ máa ń fò lọ nínú afẹ́fẹ́, omi nìkan kì í tètè mú un kúrò. Ẹ sá àdìrẹ àti àwọ̀ tó jinlẹ̀ sábẹ́ ìbòji, kí oòrùn má bàa ṣá wọn.

Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ gbogbo aṣọ, títí kan èyí tí wọ́n ní àwọn ti fọ̀. Ìdun àti ẹyin rẹ̀ kì í fara da omi tó gbóná gan-an àti áyọ́ọ̀nù. Ìdí kejì ni pé aṣọ òwú máa ń sún kì. Bí ẹ bá rán an kí ó tó sún kì, àpò á wọ́ lọ́jọ́ tí oníbàárà bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Nígbà tó bá ṣì tutù, ẹ fi aṣọ funfun nu ojú rẹ̀. Bí àwọ̀ bá gba ara funfun náà, ẹ tún un fọ̀ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ lọ̀ ọ́ kó tẹ́jú kí ẹ tó gé e. Ẹni tó bá gé aṣọ tó rún, á rí i pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àpò rẹ̀ kò dọ́gba.

Irinṣẹ́

Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ tàbí ọlọ́wọ́ tí ẹ ti ní tó. Butterfly tàbí Singer àtijọ́ tó ń rán aṣọ dáadáa á rán ankará, á sì rán jíìnsì bí ẹ bá pààrọ̀ abẹ́rẹ́: nọ́ńbà 14 fún ankará, 16 tàbí 18 fún jíìnsì àti ibi tí aṣọ bá ti nípọn. Òwú pọliẹ́sítà ni kí ẹ lò, kì í ṣe òwú tó máa ń já bí ènìyàn bá fà á. Ẹ wá àlùmọ́gàjí méjì, kí ẹ má fi ti aṣọ gé páálí láé. Ẹ ní téèpù, ṣọ́ọ̀kì, áyọ́ọ̀nù. Bí kò bá sí máṣíìnì wífíìnì tí wọ́n fi ń rán etí aṣọ kó má tú, kò sí wàhálà, a ó rán an lọ́nà mìíràn.

Gígé àti rírán

Ẹ mú ìwọ̀n kan ṣoṣo kí ẹ dúró tì í fún oṣù mélòó kan. Èyí tí mo fara mọ́ nìyí: ara àpò jẹ́ ègé méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ íǹṣì 18 ní fífẹ̀, íǹṣì 20 ní gíga. Ẹ gé páálí sí ìwọ̀n náà, kí ẹ máa fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí i ká. Nígbà tí àpò bá parí, á jẹ́ íǹṣì 13 ní fífẹ̀, 16 ní gíga, 4 ní ìdí.

Ìró ọ̀pá méjì tó fẹ̀ tó íǹṣì 45 á gba ègé mẹ́jọ lórí ìwé, ìyẹn àpò mẹ́rin, pẹ̀lú ègé tóóró kan tó ṣẹ́kù fún ọwọ́. Ní tòótọ́, ibi tó fẹ́lẹ́ àti ibi tí epo ti kán sí á jẹ nínú rẹ̀. Ẹ kà á sí àpò mẹ́ta, inú yín á dùn bí ó bá di mẹ́rin. Bí ankará náà bá ní ẹyẹ tàbí àga tó dúró lóòró, ẹ ṣọ́ orí rẹ̀ kó má lọ di ìdí.

Bí ẹ ṣe máa rán an láìsí wífíìnì nìyí. Ẹ kọ ẹ̀yìn aṣọ méjèèjì síra, kí ojú wọn wà níta. Ẹ rán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti ìdí ní ìdámẹ́rin íǹṣì. Ẹ gé òwú tó yọ síta, ẹ yí àpò náà padà kí ojú aṣọ wọ inú, ẹ fi áyọ́ọ̀nù tẹ etí rẹ̀, kí ẹ wá tún un rán ní ìdámẹ́rin íǹṣì àti díẹ̀ sí i. Etí tó lè tú ti há sáàárín ojú ìrán méjèèjì. Ọ̀nà yìí lọ́ra ju wífíìnì lọ, ṣùgbọ́n inú àpò á mọ́ bí ìta rẹ̀. Oníbàárà tó bá mọ iṣẹ́ a máa yí àpò padà wo inú rẹ̀ kó tó sanwó.

Fún ìdí àpò, ẹ jẹ́ kó ṣì wà ní yíyípadà. Ẹ mú igun kan, ẹ jẹ́ kí ojú ìrán ẹ̀gbẹ́ bá ojú ìrán ìdí dọ́gba, igun náà á di ṣóńṣó. Ẹ wọn ibi tí ṣóńṣó náà ti fẹ̀ tó íǹṣì 4, ẹ fa ìlà, ẹ rán orí ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wá gé ṣóńṣó kúrò ní ìdajì íǹṣì sí ojú ìrán. Ẹ ṣe igun kejì bẹ́ẹ̀. Ìdí tó tẹ́jú yìí ló ń jẹ́ kí àpò lè jókòó sílẹ̀ nínú ọkọ̀ láìdà.

Ní òkè, ẹ ṣẹ́ etí ìdajì íǹṣì, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ tún ṣẹ́ ẹ ní íǹṣì kan, ẹ tún lọ̀ ọ́. Ẹ má tíì rán an. Ọwọ́ àpò ni yóò kọ́kọ́ wọ ibẹ̀.

Ọwọ́ àpò

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níhìn-ín.

Àpò kì í sábà já ní àárín ọwọ́ rẹ̀. Ibi tí ọwọ́ ti pàdé ara àpò ló ti máa ń já, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í sì í ṣe òwú ló máa ń já. Aṣọ tó wà lábẹ́ òwú náà ló ń ya. Ìdí nìyẹn tí kíkó òwú púpọ̀ lé orí rẹ̀ kò fi ń wo àrùn yìí. Ẹ̀yìn ibẹ̀ ni ó yẹ kí á fún lágbára.

Ẹ gé ègé tóóró méjì fún àpò kọ̀ọ̀kan, íǹṣì 4 ní fífẹ̀, 24 ní gígùn. Fún ẹni tó fẹ́ gbé e kọ́ èjìká, ẹ jẹ́ kó jẹ́ 30. Ẹ ṣẹ́ ẹ sí méjì ní gígùn, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ ṣí i, ẹ mú etí méjèèjì wá sí àárín, kí ẹ tún ṣẹ́ ẹ pọ̀. Ó ti di ìpele mẹ́rin, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì kan. Kí ẹ tó pa á dé, ẹ fi ègé tóóró jíìnsì tí fífẹ̀ rẹ̀ kò tó íǹṣì kan sáàárín rẹ̀. Ankará nìkan á máa ká bí okùn nígbà tí ẹrù bá wúwo, á sì máa gé ènìyàn lọ́wọ́. Jíìnsì inú rẹ̀ ni kò ní jẹ́ kó ká. Ẹ rán etí méjèèjì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìgbàdí jíìnsì fúnra rẹ̀ dára jù gbogbo rẹ̀ lọ bí ẹ bá rí i, nítorí àwọn tó rán ṣòkòtò náà ti ṣe iṣẹ́ yẹn fún yín.

Wàyí o, ẹ wọn íǹṣì 4 láti ojú ìrán ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ki íǹṣì kan ìdí ọwọ́ bọ abẹ́ ìṣẹ́tí òkè. Lẹ́yìn ibẹ̀, ẹ fi ègé jíìnsì oní-íǹṣì méjì sí i lábẹ́ ìṣẹ́tí náà, kí òwú lè rí nǹkan dì mú. Ẹ rán ìṣẹ́tí náà yí ká ní etí ìsàlẹ̀. Ẹ wá gbé ọwọ́ náà dúró sókè, ẹ rán etí òkè náà yí ká. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ rán igun mẹ́rin sórí ibi tí ọwọ́ àti àpò ti pàdé, kí ẹ fa ìlà òwú láti igun sí igun nínú rẹ̀ kó dàbí àgbélébùú tó dẹ̀gbẹ́. Ẹ dá òwú padà sẹ́yìn ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí. Ẹ ṣe ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bákan náà. Ẹni tó bá fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí ó rẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ gan-an ni yóò já.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó dára? Ẹ ra ọ̀rá piọ wọ́tà kan. Ogún ẹyọ tó wà nínú rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50cl, jẹ́ lítà mẹ́wàá, kílò mẹ́wàá sì ni lítà mẹ́wàá omi. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò, ẹ gbé e kọ́ ìṣó tó lágbára láti alẹ́ di àárọ̀, kí ẹ wá fì í síbí fì í sọ́hùn-ún ní àárọ̀ bí ẹni tó ń sáré lé ọkọ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ibi tí ọwọ́ ti wọlé: bí ihò abẹ́rẹ́ bá ti ń là sí ẹ̀gbẹ́, aṣọ yẹn ti gbó jù. Ẹ dán ọ̀kan wò nínú gbogbo aṣọ tuntun tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé, kí ẹ tó gé ìyókù. Omi náà ṣì ṣe é mu.

Iye tí ẹ ó tà á

Ẹ kọ owó tí ẹ fi gba aṣọ sílẹ̀ (àpò tí ẹ fi ṣe pàṣípààrọ̀, owó ni), ọṣẹ, òwú, epo jẹnẹrétọ̀ tàbí èédú áyọ́ọ̀nù, owó ọkọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn. Ẹ bèèrè iye tí tẹ́lọ̀ àdúgbò ń gbà láti gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan kó sì ṣẹ́ etí rẹ̀. Láti orí fífọ̀ dé orí ọwọ́ àpò, iṣẹ́ inú àpò kan kò dín sí ti ṣòkòtò mẹ́ta. Ẹ kọ iye yẹn sílẹ̀ fún ara yín. Ẹ wá fi díẹ̀ kún un fún aṣọ tó máa bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, nítorí á bàjẹ́.

Bí àròpọ̀ rẹ̀ bá ju ohun tí ará ọjà lè san lọ, iṣẹ́ ni kí ẹ dín kù, ẹ má dín owó ọwọ́ yín. Ẹ yọ aṣọ inú, ẹ yọ àpò kékeré, ṣùgbọ́n ẹ má yọ jíìnsì inú ọwọ́.

Títà

Ẹ má retí pé ìyá oní-tòmátò yóò bá yín tà á. Ọ̀rá tó ń fún oníbàárà lọ́fẹ̀ẹ́ ti tó o, tòmátò tó fọ́ kò sì bá aṣọ rẹ́. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàárì, ọ̀dọ̀ àwọn oníṣọ́ọ̀bù ohun èlò ilé, ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì ni kí ẹ gbé e sí. Kí oníbàárà sì mọ̀ pé abọ́ ni ti ẹja tútù.

Ẹ rán àpò kékeré kan sí inú, tí odindi àpò yóò lè ká wọ̀, kó di ìwọ̀n pọ́ọ̀sì. Ìdí tí ènìyàn fi ń gba ọ̀rá lọ́jà bó tilẹ̀ ní àpò aṣọ mẹ́ta nílé ni pé ó gbàgbé wọn sílé. Èyí tó bá ti ká wọ báàgì ọwọ́ rẹ̀ kò ní gbàgbé.

Owó gidi wà nínú ẹ̀bùn òde. Gbogbo wa la mọ abọ́ ike àti ife tí wọ́n ń pín níbi ìnáwó. Ẹ lọ bá ẹbí tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú ní oṣù méjì ṣáájú, kí ẹ sọ fún wọn pé ẹ lè fi aṣọ òde wọn àtijọ́ rán àpò ọgọ́rùn-ún fún àlejò, pẹ̀lú orúkọ wọn lára rẹ̀. Ìpín aṣọ olóògbé tí mo mẹ́nu bà níṣàájú wà lára irú iṣẹ́ yìí: ọmọ mẹ́fà, àpò mẹ́fà láti ara ìró ìyá wọn. Irú oníbàárà yìí kì í ná ọjà púpọ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ sí ìjákulẹ̀. Ẹ fi aago ka iye àpò tí ẹ lè rán lójúmọ́ kí ẹ tó dá wọn lóhùn, ẹ gba ju ìdajì owó lọ ṣáájú, kí ẹ sì gbé iṣẹ́ lọ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ òde. Orúkọ tí àwọn tẹ́lọ̀ kan ti bà jẹ́ fún wa lórí ọ̀rọ̀ àdéhùn kò ṣeé fẹnu sọ.

Òfin tó ń de àpò ike náà ń bọ̀ díẹ̀ díẹ̀. Orílẹ̀-èdè Benin ti fòfin de àpò ike láti ọdún 2017, nítorí náà ẹni tó ń gbé lágbègbè Ìdí-Ìrókò lè tà á kọjá sí Àjàṣẹ́ àti Sákétẹ́. Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de abọ́ oúnjẹ fọ́ọ̀mù ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ó sì fi ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2025 ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìfìyàjẹni lórí àwọn ike ìlò-ẹ̀ẹ̀kan mìíràn, títí kan ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ má fi òfin ṣe ìpìlẹ̀ òwò yín. Ìjọba lè le lónìí kó rọ̀ lọ́la, ṣùgbọ́n iṣu á máa wúwo.

Ní England, láti oṣù Kẹwàá ọdún 2015 ni àwọn ilé ìtajà ńlá ti ń gba pẹ́ńsì 5 lórí àpò ike kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sọ ọ́ di 10 ní oṣù Karùn-ún 2021, wọ́n sì fi àwọn ṣọ́ọ̀bù kékeré kún un. Ó ti mọ́ àwọn ọmọ wa tó ń gbé ní Peckham níbẹ̀ lára láti gbé àpò lọ́wọ́ lọ sọ́jà. Mọ̀lẹ́bí tó ń rìnrìn àjò lè kó mẹ́wàá tí a ká sínú igun àpótí rẹ̀, wọn kò wúwo, ankará tàbí àdìrẹ sì ni wọ́n ń bèèrè níbẹ̀. Ní ọdún 2011, iléeṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ náà tó ń rí sí àyíká gbé ìwádìí kan jáde pé ó di ìgbà 131 tí ènìyàn bá lo àpò òwú kí ìpalára rẹ̀ fún ojú ọjọ́ tó dín sí ti ọ̀rá tí a lò lẹ́ẹ̀kan. Àpò òwú tuntun ni wọ́n ń sọ. Tiwa, kò sí òwú tí ẹnikẹ́ni gbìn nítorí rẹ̀. Bí oníbàárà bá bèèrè, ẹ sọ èyí fún un. Bí kò bá bèèrè, ẹ sọ pé ó ń gbé kílò mẹ́wàá, kí ẹ sì jẹ́ kó fà á wò.

Tí òwò bá ti ń lọ déédéé, ẹ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, kí ẹ lè ṣí àkáǹtì tí owó yóò máa gbà lọ́tọ̀ sí owó ọbẹ̀. Ẹ rán orúkọ àti nọ́ńbà fóònù yín sínú àpò kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá padà wá pé ó já, ẹ tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ lójú ẹni tó gbé e wá, kí ẹ sì kọ ibi tó ti já sínú ìwé. Bí ibì kan náà bá já lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú ìwé yẹn, ẹ dáwọ́ títà dúró, kí ẹ yí bí ẹ ṣe ń rán ibẹ̀ padà kí ẹ tó gé aṣọ mìíràn.